Ta Ni Ó Ń Bọ́ Ẹni Tí A Kò Rí?

Ní Jenta Adamu, bí ọyẹ́ bá ti wọlé, kò sí ilé tí eruku kì í yà sí. Ẹ nu tábìlì láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ẹ lè fi ìka kọ orúkọ yín sí i. Ètè á bó, gìgísẹ̀ á là, òkè àpáta tó wà lẹ́yìn ilé á sì pòórá bí ẹni pé wọ́n ta aṣọ bò ó. Àwa tí àwọn bàbá bàbá wa ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Jos nígbà iṣẹ́ kùsà máa ń gbọ́ ọ nílé pé ọyẹ́ Jos ju ti ilé lọ. Òótọ́ ni. A kàn súnmọ́ ibi tí eruku náà ti ń wá ju àwọn ará ilé lọ ni. Ìdọ̀tí ni gbogbo ènìyàn ń pè é, ṣùgbọ́n apá kan nínú rẹ̀ ti fìgbà kan rí jẹ́ ohun abẹ̀mí tó ń gbé inú omi. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin ará sọ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè náà rèé: ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rí, tí àǹfààní iṣẹ́ náà sì ń dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn, kí ni gbèsè tí àwa tí à ń jẹ àǹfààní náà jẹ ẹ́? A máa ń dáhùn rẹ̀ kíá láti orí pèpéle pé Ọlọ́run tó ń rí ní ìkọ̀kọ̀ yóò san án fún un. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mi ò gbà ni pé ìdáhùn yẹn ti parí ọ̀rọ̀ tiwa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo eruku náà dáadáa. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń wá láti ibi tí wọ́n ń pè ní Bodélé, ilẹ̀ kòtò kan ní orílẹ̀-èdè Chad, ní àríwá ìlà-oòrùn Adágún Chad. Ní ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀ dáadáa ní Sàhárà, omi ló kún ibẹ̀. Adágún Chad ìgbà náà ju ìdámẹ́ta gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà lọ. Nínú omi yẹn ni àwọn ohun kéékèèké kan ń gbé tí àwọn onímọ̀ ń pè ní dáyátọ́ọ̀mù. Ojú lásán kò lè rí ẹyọ kan nínú wọn. Ohun tí a fi ń ṣe dígí ni wọ́n fi ń kọ́ ilé sára, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá sì ti kú, ilé dígí rẹ̀ á rì sí ìsàlẹ̀ adágún. Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró ní nǹkan bíi 5,000 ọdún sẹ́yìn, omi náà fà, àwọn ilé dígí yẹn ló ṣẹ́ kù sílẹ̀ gbalasa, wọ́n funfun, wọ́n fúyẹ́ bí èlùbọ́ tí wọ́n kù dáadáa. Afẹ́fẹ́ tó ń gba àárín òkè Tibesti àti òkè Ennedi kọjá máa ń le níbẹ̀, bí afẹ́fẹ́ ṣe máa ń le nínú ọ̀nà tóóró tó wà láàárín ilé méjì. Òun ló ń gbé eruku náà dìde, tó ń gbé e gba orí Maiduguri, Kano àti òkè Plateau wa kọjá, títí tó fi dé òkun. Òmíràn ń sọdá òkun Atlantic dé igbó Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà.

Kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń fura sí i. Ní oṣù Kíní ọdún 1832, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi Beagle dúró ní erékùṣù Cape Verde, Charles Darwin kó eruku tó ń bọ́ sórí ọkọ̀ náà. Mo mọ̀ pé orúkọ yẹn lè mú kí àwọn kan nínú wa pa ìwé ìròyìn yìí dé. Ẹ fara balẹ̀, eruku lásán ló ń kó lọ́jọ́ náà. Àpò eruku kékeré márùn-ún ló fi ránṣẹ́ sí Ehrenberg, onímọ̀ ará Jámánì kan, ìyẹn sì rí oríṣi 67 ohun tó ti ara ohun abẹ̀mí wá nínú rẹ̀. Àwọn tó jẹ́ ti inú omi nínú wọn, yàtọ̀ sí méjì, omi tí kò ní iyọ̀ ni wọ́n ti wá. Ẹ rò ó wò: eruku ń bọ́ sí àárín òkun, ohun inú adágún ló kún inú rẹ̀.

Ní ẹ̀ka tí mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ewéko, wọ́n fi dáyátọ́ọ̀mù tó wà láàyè hàn wá. Ibi tí wọ́n ti bu omi náà kò jìnnà, nínú ọ̀kan lára àwọn kòtò kùsà tí omi kún, tí wọ́n pọ̀ káàkiri ilẹ̀ Plateau. Yíyọ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ òkúta etí omi ni olùkọ́ wa fi ọ̀bẹ há. Lábẹ́ máíkírósíkóòpù, òmíràn dà bí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, òmíràn dà bí bọ́tìnnì, òmíràn gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́, iṣẹ́ ọnà wẹ́wẹ́ sì wà lára wọn tí alágbẹ̀dẹ góòlù kò lè ṣe. Ilé náà ní ìsàlẹ̀ àti ìdérí, bí agolo wàrà tí wọ́n dé. Bí dáyátọ́ọ̀mù kan bá fẹ́ di méjì, ọ̀kan á mú ìdérí, èkejì á mú ìsàlẹ̀, oníkálùkù á sì fi èyí tó mú ṣe ìdérí, á kọ́ ìsàlẹ̀ tuntun sí abẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó jogún ìsàlẹ̀ fi máa ń kéré sí òbí rẹ̀ díẹ̀. Báyìí ni wọ́n á máa kéré sí i láti ìran dé ìran, títí tí wọn kò fi ní lè kéré mọ́. Nígbà náà ni akọ àti abo á pàdé, tí wọ́n á bí èyí tó tóbi bíi ti àkọ́kọ́, ìrìn àjò náà á sì tún bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó ti máíkírósíkóòpù yẹn títí tí wọ́n fi lé wa jáde.

Inú òkun gan-an ni iṣẹ́ wọn ti pọ̀ jù. Bí igi ìṣáná ṣe kéré tó, dáyátọ́ọ̀mù ẹgbẹẹgbẹ̀rún lè tò sí orí rẹ̀, síbẹ̀ nínú gbogbo oúnjẹ tí ohun abẹ̀mí ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn sè ní ayé, lórí ilẹ̀ àti nínú omi, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún jẹ́ iṣẹ́ wọn. Ẹ kó gbogbo igbó kìjikìji ayé jọ, bóyá ni wọ́n fi ju dáyátọ́ọ̀mù lọ. Ní etí òkun Ghana àti Côte d'Ivoire, láti oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, omi tútù máa ń rú láti ìsàlẹ̀ wá sókè pẹ̀lú ajílẹ̀ tó wà nínú rẹ̀. Dáyátọ́ọ̀mù á gbilẹ̀, kòkòrò inú omi á jẹ wọ́n, ẹja ṣáwá á pọ̀, àwọn apẹja á sì gbé àwọ̀n jáde. Ẹni tó ń jẹ ṣáwá yíyan kò ní rántí dáyátọ́ọ̀mù nígbà tó bá ń gbàdúrà sórí oúnjẹ. Mi ò tíì gbọ́ irú àdúrà bẹ́ẹ̀ rí.

Wọ́n tún ń ṣe iṣẹ́ kejì. Èéfín tó ń jáde láti inú jẹnẹrétọ̀ wa, ọkọ̀ wa, àti ilé iṣẹ́ gbogbo àgbáyé ní kábọ́ọ̀nù nínú, kábọ́ọ̀nù yìí ló sì ń mú kí ayé máa gbóná sí i. Lọ́dọọdún, òkun ń gba nǹkan bí ìdámẹ́rin rẹ̀. Omi fúnra rẹ̀ ló ń mu èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, bí ṣúgà ṣe ń yọ́ nínú tíì. Ṣùgbọ́n láti ayébáyé ni dáyátọ́ọ̀mù àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kó kábọ́ọ̀nù lọ sísàlẹ̀ nípa bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń jẹ ẹ́, tí wọ́n ń kú, tí wọ́n ń rì. Ilé dígí wúwo, ìyẹn ló ń mú kí tiwọn yára rì. Gbogbo ewéko wẹ́wẹ́ tó ń léfòó lójú òkun ń sọ nǹkan bíi 50 bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù kábọ́ọ̀nù di oúnjẹ lọ́dún kan. Ohun tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni àwọn ẹran omi ń jẹ lókè níbẹ̀, tí wọ́n á sì mí i padà síta. Èyí tó ń dé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun kò ju bí ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ìwọ̀nba yìí, pẹ̀lú èyí tó dúró nínú ibú fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan kó tó rí ojú ọ̀run, wà lára ohun tó jẹ́ kí ayé ṣe é gbé.

Mo mọ̀ pé ìwàásù ti ń hó lọ́kàn àwọn kan. Èmi náà ti gbọ́ irú rẹ̀: dà bí gbòǹgbò tí ẹnikẹ́ni kò rí, dà bí ìpìlẹ̀ ilé, máa ṣiṣẹ́ rẹ lọ ní ìkọ̀kọ̀. Dáyátọ́ọ̀mù á dùn ún lò níbẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ dá wa dúró díẹ̀.

Ẹni tí mo ní lọ́kàn, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Sístà kan ni, ó wà ní ọdún kejì nílé ìwé, Jenta Adamu níbí ló ń gbé. Gbogbo ẹni tó mọ àdúgbò wa mọ ohun tí omi jẹ́ níbẹ̀. Omi ẹ̀rọ kì í fi gbogbo ìgbà yọ, òkúta ló kún abẹ́ ilẹ̀, àwọn mẹ́ruwà tó ń ti kẹ́ẹ̀gì kiri kì í sì í fẹ́ gun ibi tó dà gẹ̀rẹ́ bí owó kò bá pé. Nítorí náà, bí fẹ́lóṣíìpù bá ní ètò, pàápàá èyí tí a máa ń ṣe nígbà ọyẹ́ tí kànga ń gbẹ, òun àti ọmọbìnrin méjì mìíràn ló ń pọn omi tí àwọn alásè á lò. Agogo márùn-ún ìdájí ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀. Bí ètò bá parí, a ó dúpẹ́ lọ́wọ́ oníwàásù, lọ́wọ́ ẹgbẹ́ akọrin, lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ohùn. Nígbà mìíràn a ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn alásè. Mi ò gbọ́ kí wọ́n dárúkọ omi rí. Nígbà tí wọ́n wàásù gbòǹgbò yẹn ní ọjọ́ kan, ẹ̀gbẹ́ mi ló jókòó sí. Ó rọra bi mí léèrè pé, “Bùrọ̀dá, ṣé gbòǹgbò náà máa ń kọ ìdánwò?”

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè yẹn kò ti fi mí sílẹ̀. Gbòǹgbò kì í kọ ìdánwò. Dáyátọ́ọ̀mù pẹ̀lú kò ní ìdánwò, kò ní ẹ̀yìn tó ń dùn ún, kò sì fi ohunkóhun sílẹ̀ nítorí wa. Kò mọ̀ pé a wà. Ó ń jẹ, ó ń pín sí méjì, ó ń kú, àǹfààní rẹ̀ sì ń dé ọ̀dọ̀ wa nítorí bí Ẹlẹ́dàá ṣe to ayé Rẹ̀. Sáàmù 104 sọ̀rọ̀ nípa àwọn ohun tí kò níye tó ń rìn nínú òkun, Ọlọ́run ló sì fi ògo fún níbẹ̀, kò yin àwọn ohun náà fún ìrẹ̀lẹ̀. Ìrẹ̀lẹ̀ kò sí níbi tí kò bá ti sí ẹni tó lè kọ̀. Ẹni tó lè sùn títí ilẹ̀ á fi mọ́, tó sì dìde ní agogo márùn-ún, òun ló ní ìrẹ̀lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ rẹ̀ fi ju ti dáyátọ́ọ̀mù lọ, tí ó sì tún ṣeé ṣe láti rẹ́ ẹ jẹ. Ẹni kankan kò lè rẹ́ gbòǹgbò jẹ.

Àgbà kan tí mo bọ̀wọ̀ fún, ọ̀kan nínú àwọn tó ti jáde tó ṣì ń bá wa jọ́sìn, dá mi lóhùn nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú rẹ̀. Ó ní bí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ ìsìn á di àṣehàn. Ó ní kí n padà lọ ka Mátíù orí kẹfà. Ọ̀rọ̀ gidi ló sọ, ewu tó sì ń sọ wà lóòótọ́. Mo ti rí ẹni tó kúrò ní ẹgbẹ́ akọrin nítorí wọn kò fún un ní orin dá kọ. Mo padà lọ ka Mátíù orí kẹfà. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ẹni tó ń fúnni ni Jésù ń bá wí. Òun ni wọ́n ní kó má jẹ́ kí ọwọ́ òsì mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe. Wọn kò sọ fún ẹni tó gba ọrẹ náà pé kó gbàgbé ẹni tó fún un. Àwa tí à ń mu omi yẹn ti mú àṣẹ tó jẹ́ ti sístà, a sì sọ ọ́ di àwáwí ara wa.

Ẹ tún wo Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí kẹfà. Nígbà tí wọ́n ń gbójú fo àwọn opó kan nínú ìpín oúnjẹ ojoojúmọ́, tí ìkùnsínú sì bẹ̀rẹ̀, àwọn àpọ́sítélì kò wàásù ìkọ̀kọ̀ fún wọn. Wọ́n ní kí wọ́n yan ọkùnrin méje. Ètò ni wọ́n ṣe. Yorùbá Onígbàgbọ́ mọ̀ ọ́n dáadáa pé ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ níbi pẹpẹ, níbi pẹpẹ ni yóò ti jẹ. Ohun tí ń bà mí lẹ́rù ni pé bóyá a ti pinnu pé orí pèpéle nìkan ni pẹpẹ wà.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí lára dáyátọ́ọ̀mù yàtọ̀ sí ti gbòǹgbò. Ohun ìkọ̀kọ̀ pẹ̀lú ní ohun tó ń jẹ, ìwọ̀nba kékeré sì lè pa á. Ní nǹkan bí ìdámẹ́ta òkun àgbáyé, oòrùn wà, ajílẹ̀ wà, síbẹ̀ ewéko omi kò pọ̀. Ará Amẹ́ríkà kan, John Martin, tó ń ṣiṣẹ́ ní Moss Landing ní California, ló takú pé irin ló wọ́n níbẹ̀, irin tó kéré bí ìpẹ́pẹ́. Ní 1988 ó fi ṣàwàdà pé bí wọ́n bá fún òun ní ìdajì ọkọ̀ irin, òun á sọ ayé di òtútù. Ó kú ní oṣù Kẹfà ọdún 1993. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ da nǹkan bíi 450 kílógíráàmù irin sí òkun Pacific lẹ́bàá erékùṣù Galápagos, ewéko omi sì pọ̀ sí i. Wọ́n tún un ṣe ní 1995, omi náà sì di aláwọ̀ ewé kedere, dáyátọ́ọ̀mù ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bíi Mósè, ọkùnrin náà kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà. Ní tiwa ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, eruku ló ń gbé irin lọ sí òkun Atlantic, títí kan eruku tí à ń nù kúrò lórí tábìlì yìí. Ó ń gbé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì pẹ̀lú. Ìwádìí kan tó lo sátẹ́láìtì NASA, tó jáde ní 2015, ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bíi 22,000 tọ́ọ̀nù rẹ̀ ni eruku Sàhárà ń kó bọ́ sí igbó Amazon lọ́dún. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí iye tó jẹ́ ti Bodélé nínú rẹ̀.

Nítorí náà, bí a bá sọ pé a mọ rírì ẹni tí a kò rí, ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni pé: irin wo ló wọ́n fún un? Ó lè jẹ́ owó ọkọ̀. Ó lè jẹ́ ẹni tí yóò gba kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Ó sì ṣe pàtàkì ká bi òun fúnra rẹ̀. Ní 2009, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Íńdíà àti Jámánì da irin sí ibì kan ní òkun gúúsù. Ewéko wẹ́wẹ́ pọ̀ díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe dáyátọ́ọ̀mù, nítorí ohun tí wọ́n fi ń kọ́ ilé dígí kò sí nínú omi náà. Àwọn ẹran omi jẹ èyí tó hù, kábọ́ọ̀nù tó rì sísàlẹ̀ kò tó nǹkan. Irin dára, kì í ṣe òun ló wọ́n níbẹ̀ nìkan. A lè pe sístà yìí síwájú ìjọ, ká fún un ní ìwé ẹ̀rí tí wọ́n tẹ̀ dáadáa, kí gbogbo wa pàtẹ́wọ́, kó sì tún jí ní agogo márùn-ún lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì kan náà.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tó ń bí mi nínú. Lẹ́yìn tí àṣírí irin ti tú, àwọn kan rò pé ọ̀nà àbáyọ ti dé: ká máa da irin sókun, kí dáyátọ́ọ̀mù máa gbé èéfín wa lọ, kí àwa máa bá jẹnẹrétọ̀ wa lọ bó ṣe wà. Ní 2012, wọ́n da nǹkan bíi 100 tọ́ọ̀nù sí òkun ìwọ̀ oòrùn Kánádà, kí ẹja lè pọ̀, kí wọ́n sì lè rí owó kábọ́ọ̀nù gbà. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní 2008, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn London lórí dída nǹkan sókun ti fẹnu kò pé bí kò bá ti jẹ́ fún ìwádìí, kò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀. Mo rò pé wọ́n ṣe é dáadáa. Kì í ṣe pé ìwádìí burú. Ohun tó burú ni ọkàn tó rí ẹni tó ń ru ẹrù láìsọ̀rọ̀, tí ohun àkọ́kọ́ tó wá sí i lọ́kàn sì jẹ́ láti fi kún ẹrù náà. Ọkàn kan náà ló ń sọ pé sístà yẹn kì í ráhùn, ẹ jẹ́ kó fi ti ọjọ́ Ẹtì kún un.

Ní ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ tó kọjá, mo dá a lábàá pé kí a ra táǹkì kan, kí a máa gba omi sínú rẹ̀ nígbà òjò, kí a san owó mẹ́ruwà nígbà ọyẹ́ láti inú owó ètò, kí pípọn omi tó bá ṣẹ́ kù sì yí kárí, ọkùnrin àti obìnrin, aṣáájú àti ọmọ ẹgbẹ́. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Akápò ní kí a mú iye owó táǹkì wá. Wọ́n yan ènìyàn mẹ́ta láti lọ wo iye tí wọ́n ń tà á ní ọjà. Sístà náà wà lára wọn, òun ló sì kọ́kọ́ sọ pé táǹkì tí mo dárúkọ kéré jù.